Ta Ni Yóò San Owó Ìdádúró?

Ní ọdún 1975, ìjọba ológun Nàìjíríà ṣe àdéhùn láti ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù símẹ́ńtì láti òkè òkun, láìbìkítà bóyá èbúté Èkó lè gbà á. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ tí ó lé ní 400 fi tò lọ bẹẹrẹ lójú omi, tí wọ́n ń retí ààyè láti já ẹrù. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń gba owó ìdádúró, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní dẹ́múréèjì, láti inú àpò orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó yẹ kí ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n lónìí, àpò mẹ̀kúnnù ni owó náà ń tú.

Inú àpótí irin ńlá tí à ń pè ní kọ̀ńténà ni ọ̀pọ̀ ọjà ń bá wọlé báyìí. Bí ó bá ti gúnlẹ̀ sí Àpápá, sí Tin Can tàbí sí Onne, ọjọ́ díẹ̀ ni a fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹlẹ́rù. Lẹ́yìn náà, owó a bẹ̀rẹ̀ sí í gorí owó láti ọ̀nà méjì. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tí ìjọba yá ní ọgbà èbúté láti ọdún 2006 ń gba owó ilẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí ó ni kọ̀ńténà ń gba tirẹ̀, kò sì ní dẹ́kun títí òfìfo àpótí náà yóò fi padà dé ọwọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó Èkó nìkan ni èyí. Orí ọjà ni ẹlẹ́rù yóò gbé owó náà lé. Ẹni tí ó ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní Nnewi, tí ó ra aṣọ ní Kánò tàbí tí ó ra àwo ní Dùgbẹ̀, tí kò fojú kan òkun rí, òun gan-an ni ó ń san án nígbẹ̀yìn.

Òótọ́ ni pé ẹ̀bi àwọn ẹlẹ́rù wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wá ìwé títí ọkọ̀ yóò fi dé. Kí ẹlẹ́rù ti gba Form M ní báńkì kí ọjà tó gbéra. Kí PAAR àwọn aṣọ́bodè ti jáde kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Kí owó orí ẹrù àti tírélà sì wà ní sẹpẹ́. Kí ó bèèrè iye ọjọ́ ọ̀fẹ́ kí ó tó fọwọ́ sí àdéhùn, nítorí ìgbà náà ni ẹ̀bẹ̀ àfikún ọjọ́ lè wọlé. Kí ohun tí ó kọ sínú ìwé má yàtọ̀ sí ohun tí ó wà nínú kọ̀ńténà, nítorí irọ́ kékeré a máa fa àyẹ̀wò ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀bi ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, tí kọ̀ǹpútà àwọn aṣọ́bodè sì kọṣẹ́, tàbí tí ìyanṣẹ́lódì ti èbúté pa? Kí ni ẹ̀bi ẹni tí tírélà rẹ̀ ru òfìfo kọ̀ńténà, tí ó tò sójú ọ̀nà Àpápá, tí a kò ṣílẹ̀kùn fún un? Nítorí àwọn tí ń fi ẹrù jáfara ni owó ìdádúró ṣe wà. Kò wà láti fi ìyà jẹ ẹni tí a so lẹ́sẹ̀. A kì í ti àlejò mọ́ta, kí a tún máa bá a wí pé ó pẹ́ dé.

Pé kíka ọjọ́ lè dúró, a ti rí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, àjọ NPA pàṣẹ pé kí a dá owó ilẹ̀ dúró ní àwọn ọgbà èbúté fún ọjọ́ 21. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ pé bí ìwé owó ìdádúró kò bá ní àlàyé tí òfin là kalẹ̀, kò di dandan kí ẹlẹ́rù san án.

Ìjọba àpapọ̀ fi àjọ Nigerian Shippers' Council ṣe alámòójútó ọrọ̀ ajé èbúté ní ọdún 2014. Ọwọ́ àjọ náà ni ó yẹ kí àtúnṣe ti wá. Ọjọ́ tí èbúté, aṣọ́bodè tàbí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò bá lè tú ẹrù sílẹ̀ tàbí gba òfìfo kọ̀ńténà, kí a má kà á mọ́ ẹlẹ́rù lọ́rùn. Kí gbogbo ìwé owó fi ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀ hàn kedere. Kí àwọn ẹlẹ́rù náà máa kọ ọjọ́ ìdádúró sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé ẹ̀sùn wọn lọ síbẹ̀ dípò kí wọ́n máa ráhùn ní kọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó jẹ gbì ni ó yẹ kí ó kú gbì. Ẹni tí ó bá fa ìdádúró, òun ni kí ó san owó rẹ̀.