Kò Tó Kí Apẹja Mọ Ibi Tó Wà

Mo fẹ́ tako ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ létí omi ní Ìlàjẹ-Bàrígà: "GPS wà nínú fóònù mi, kí ni mo fẹ́ fi kọ́ńpáàsì ṣe?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi pa ẹ́ńjìnnì láti fa àwọ̀n lórí ọ̀sà. Kùrukùru bolẹ̀ débi pé wọn kò rí Afárá Third Mainland, tó gùn ju kìlómítà 11 lọ. Omi yí ọkọ̀ wọn po. Fóònù fi hàn pé wọ́n ti súnmọ́ ojú ọ̀nà ọkọ̀ èrò, ṣùgbọ́n kò sọ ìhà tí imú ọkọ̀ kọjú sí. Wọ́n mú àjẹ̀, wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ síbi tó yẹ kí wọ́n sá fún. Ọkọ̀ èrò kọjá nítòsí, ìgbì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà wọ́n sómi.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. GPS ń fi ibi tí a wà tẹ́lẹ̀ wé ibi tí a dé, kó tó mọ ìhà tí à ń lọ. Bí ọkọ̀ bá dúró, kò rí nǹkan kan wé. Kọ́ńpáàsì inú fóònù ńkọ́? Irin ẹ́ńjìnnì àti mágnẹ́ẹ̀tì inú rédíò lè ṣì í lọ́nà.

Àwọn kan ní ìràwọ̀ àti afẹ́fẹ́ ni àwọn baba wa fi mọ̀nà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ wo ló ń yọ nínú kùrukùru? Ó ju 900 ọdún lọ tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi kọ́ńpáàsì tukọ̀!

Ẹni tó lówó ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ ní òun kò lówó kọ́ńpáàsì. Kó dè é mọ́ ojú kan nínú ọkọ̀, jìnnà sí irin. Ẹni tó ní ẹ̀rọ GPS nínú ọkọ̀ lè ra èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọn, kí àwòrán ọkọ̀ lójú ẹ̀rọ lè máa yí bí ọkọ̀ ṣe ń yí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kó ẹ̀kọ́ mágnẹ́ẹ̀tì kúrò lójú pátákó, ẹ mú wa lọ sétí omi.

Àwọn àgbà ní bí a kò bá mọ ibi tí à ń lọ, ó yẹ ká mọ ibi tí a ti wá. Lórí ọ̀sà, ìyẹn kò tó. Ó yẹ ká mọ ibi tí a kọjú sí.