Egbò Ẹsẹ̀ Ajá Tó Ń Jinná, Tó Tún Ń Padà

Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ egbò tó máa ń mú ajá lẹ́sẹ̀ rí. Ẹni tó ni ajá á fọ egbò náà, á fi òògùn sí i, á sì jinná. Kò ní pẹ́ tí ajá yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, tí yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí yóò máa fi ahọ́n lá àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará ilé á ní òògùn àkọ́kọ́ ni kò lágbára, wọ́n á lọ ra òmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, òògùn kọ́ ló jẹ̀bi. Ohun tó dá egbò sílẹ̀ ló ṣì wà níbi tó wà.

Ẹ wo àdúgbò bíi Krofrom nílùú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà. Ilé fún mọ́ra níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ń lo àgbàlá kan náà. Ajá tó ń ṣọ́ irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ kì í wọ bàtà. Láàárọ̀, ó ń tẹ omi ìfọṣọ. Lọ́sàn-án, ó ń rìn lórí ọ̀dà títì tí oòrùn ti yan. Lálẹ́, ó ń gba orí ààtàn kọjá, níbi tí àfọ́kù ìgò àti ìṣó wà. Nígbà òjò, tó sábà máa ń rọ̀ ní Kumasi láti oṣù Kẹta sí oṣù Keje, tó sì tún máa ń padà lóṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, ilẹ̀ kì í tètè gbẹ. Ẹsẹ̀ tó ń rin lójoojúmọ́ á rọ̀, awọ rẹ̀ á bó, àrùn á sì rí ọ̀nà wọlé.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò ni iye ẹsẹ̀ tó ń dun ajá náà. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ ojú kan náà ni egbò ń padà sí, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gún tàbí àfọ́kù ìgò wà lábẹ́ awọ. Ojú egbò á pa dé, ọyún á kóra jọ sínú, á bẹ́, á tún pa dé. Òògùn lè gbẹ ọyún náà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n kò lè yọ ẹ̀gún. Dókítà ẹranko ló máa wá a jáde. Èékánná tó gùn jù, tó sì ká wọ inú ẹran ẹsẹ̀, lè fa irú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ajá tó ti dàgbà, ó lè jẹ́ kókó kan ló ń hù níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń ju ẹsẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ oúnjẹ kan tí ara ajá kò gbà, ó lè jẹ́ eégbọn tó fara pamọ́ sáàárín ìka, ó sì lè jẹ́ àwọn kòkòrò tíntín tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ajá tó sanra, tí irun wọn kúrú tó sì le, ní ìṣòro tiwọn: ìwúwo ara wọn máa ń ti irun àárín ìka padà sínú awọ, ibẹ̀ á sì wú bí eéwo. Ìtọ́jú irú èyí lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá dá òògùn dúró nítorí pé òkè ti gbẹ, á tún rí egbò náà.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ohun tí àwọn òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni jìgá. Lọ́dún 1872, ọkọ̀ ojú omi kan tó ti Brazil wá gbé iyanrìn dé Angola, jìgá sì wà nínú iyanrìn náà. Láti ibẹ̀ ló ti tàn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Abo rẹ̀ á gbẹ́ awọ ẹsẹ̀ wọlé, á wú bíi hóró ẹ̀wà, ẹ ó sì rí àmì dúdú kékeré láàárín ibi tó funfun. Ibẹ̀ ni yóò ti máa da ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Inú iyanrìn àti eruku tí ajá ń sùn lé ni ẹyin náà ti ń pa. Jìgá kò mọ ẹsẹ̀ ajá yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ọmọdé tó ń sáré láìwọ bàtà. Bí ilé kan bá tọ́jú ajá tirẹ̀, tí ajá ilé kejì ṣì ń da ẹyin sí àgbàlá kan náà, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí gbogbo ará ilé fẹnu kò, kí wọ́n tọ́jú àwọn ajá lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n gbá ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì wọ bàtà fáwọn ọmọ. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tú jìgá lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, nítorí àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Àwọn ohun kan wà tí kò yẹ kó kan ẹsẹ̀ ajá rárá. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, tí kò wọ́n níbi tí mẹkáníìkì bá pọ̀ sí bíi Suame Magazine, kì í ṣe òògùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹrosíìnì àti omi bátìrì. Ajá á lá a, májèlé á sì wọ inú rẹ̀. Ẹ má fún un ní ibuprofen, torí ó lè dá ọgbẹ́ sí i níkùn, kó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ náà, kí ẹ sì nù ún gbẹ títí dé àárín ìka. Kẹ́ ẹ tó mú un jáde lọ́sàn-án, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan títì; bí ọwọ́ yín kò bá lè gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò lè gbà á. Bí egbò bá padà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ní Kumasi, Yunifásítì KNUST ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko. Ẹ sọ fún dókítà nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń jẹ àti gbogbo òògùn tẹ́ ẹ ti lò. Ó lè ha awọ rẹ̀ díẹ̀ láti wá kòkòrò.

Ajá tí ẹsẹ̀ ń dùn lè bu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù jẹ. Ẹ rí i pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí àgbàlagbà sì máa bójú tó egbò náà, kì í ṣe ọmọdé. Bó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kẹ́ ẹ tó ra òògùn mìíràn, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí ajá náà ń sùn.