Kẹ̀kẹ́ Ológeere Oníná Yẹ Ilẹ̀ Olókè Bíi Tiwa

Ìbéèrè: ‘Kẹ̀kẹ́ ológeere tí iná mànàmáná ń ràn lọ́wọ́ kò wúlò fún àwọn ìlú àríwá Èkìtì.’ Kọ àròkọ láti gbè é lẹ́yìn tàbí láti takò ó.

Kò sí ẹni tí ń gbé Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó lónìí tí kò mọ bí owó ọkọ̀ ṣe ń gba owó oúnjẹ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba yàrá sí àárín ìlú ní láti dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ òru kàn ní láti dé ilé ìwòsàn. Olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ sí ìletò kejì ní láti dé ibẹ̀ kí agogo tó lù. Ọ̀kadà ni gbogbo wọn ń sáré sí. Àwọn kan ti ń sọ pé kí a gbìyànjú kẹ̀kẹ́ ológeere oníná wò. Àwọn mìíràn ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ohun ìṣeré òyìnbó ni. Èmi takò àwọn tí ń ṣe yẹ̀yẹ́. Èrò tèmi ni pé kẹ̀kẹ́ yìí yóò wúlò fún wa, pàápàá nítorí pé ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ olókè, bí a bá lè kọ́kọ́ wá ibi tí yóò ti máa gba iná.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ná, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe alùpùpù oníná ní kẹ̀kẹ́ oníná. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí jẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere bí èyí tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀: ó ní pẹ́dà, ó ní ṣéènì, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń wà á. Ohun tí a fi kún un ni bátìrì, ẹ̀rọ kékeré kan tí ó wà ní àárín táyà tàbí ní ibi tí pẹ́dà ti ń yí, àti ohun kan tí ń mọ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ pẹ́dà. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà á fi agbára tirẹ̀ kún un. Bí ẹsẹ̀ bá dúró, ẹ̀rọ náà á dúró. Ilé-iṣẹ́ Yamaha ti ilẹ̀ Jàpáàn ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà, ní ọdún 1993. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kò jẹ́ kí agbára ẹ̀rọ irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ju 250 wáàtì lọ, ẹ̀rọ náà kò sì gbọdọ̀ ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mọ́ bí eré bá ti dé 25 kìlómítà ní wákàtí kan.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àjèjì ní Èkìtì. Kí alùpùpù tó gbòde, òun ni olùkọ́, akọ̀wé àti oníṣòwò kòkó fi ń rìn. Ẹni tí ó bá ra Raleigh tuntun nígbà náà, tẹbí tọ̀rẹ́ ni yóò bá a yọ̀. Ohun tí ó lé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú títì wa kò fara sin. Ọ̀pọ̀ gbà pé láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde, nítorí pé òkè pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ dé ìdí òkè yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì máa tì í. Nígbà tí yóò bá fi dé orí òkè, òógùn á ti rin aṣọ rẹ̀ gbingbin. Bí alùpùpù ti dé, tí ó ń gun òkè bí ẹni ń rìn lórí ilẹ̀ tẹ́jú, ni kẹ̀kẹ́ bá di ohun ìgbàgbé. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ènìyàn kò kórìíra kẹ̀kẹ́. Òkè ni ó dá wọn lágara. Òkè yìí gan-an ni ẹ̀rọ kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà fún. Ní ilẹ̀ Netherlands, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó lé ní ìdajì nínú àwọn kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n tà ní ọdún 2022 tí ó jẹ́ oníná. Bí àwọn tí kò ní òkè bá ń rà á, kí ni kí àwa tí a ní òkè wí?

Ìdí kìíní tí mo fi gbè é lẹ́yìn ni owó. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo pẹtiróòlù tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di ohun tí ó lé ní 500 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà. Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò. Bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná tí ó wọ́pọ̀ máa ń gba nǹkan bí ìdajì yúnìtì iná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n fi owó kún iná àwọn tí a pè ní ‘Band A’, 225 náírà ni wọ́n ní kí wọ́n máa san lórí yúnìtì kan. Ìdajì rẹ̀ kò pé 115 náírà. Bí a bá tilẹ̀ ka iná tí ń ṣòfò nígbà tí a bá ń ṣáàjì mọ́ ọn, kò ní ju 150 náírà lọ. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ lè fi ìyẹn rin nǹkan bí 40 kìlómítà. Alùpùpù yóò mu tó nǹkan bíi lítà epo kan kí ó tó rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún náírà wà ní ọwọ́ kan, àádọ́jọ náírà wà ní ọwọ́ kejì. Ẹni tí kò mọ ìṣirò púpọ̀ pàápàá yóò mọ èyí tí ó wọ́n.

Ìdí kejì ni irú ìrìn tí à ń rìn. Láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé lé ní 20 kìlómítà. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó máa gun kẹ̀kẹ́ bá ọkọ̀ akẹ́rù du ojú títì bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó pọ̀ jù nínú ìrìn wa. Ní ọdún 2011 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pọ̀ sí i ní ìlú méjèèjì. Ní Ìdó, ilé ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tí ó di ilé ìwòsàn tí a ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn ní ọdún 2014 ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wọṣẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Ìrìn kìlómítà méjì, mẹ́ta tàbí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń rìn. Ó jìn ju ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn lọ, kò sì jìn tó ohun tí à ń sun epo olówó gọbọi sí. Obìnrin tí ó parí iṣẹ́ lálẹ́ kò sì ní dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì de ọlọ́kadà tí kò mọ̀ rí.

Ìdí kẹta ni ẹ̀mí. Gbogbo wa ni ó ń rí ọlọ́kadà tí ó gbé èrò méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, tí kò sí akoto lórí ẹnikẹ́ni nínú wọn, tí ó sì ń sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ranni lọ́wọ́ kọjá 25 kìlómítà ní wákàtí kan kò lè ṣe irú ọṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kì í yọ èéfín, kì í sì í pariwo létí aláìsàn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gùn ún gbọdọ̀ dé akoto, kí ó sì tan iná iwájú àti ti ẹ̀yìn bí ilẹ̀ bá ṣú. Ní Ìrè, tí kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́, wọ́n mọ̀ pé Ògún ni ó ni irin, wọn kì í sì í fi irin ṣeré. Ìbáà ṣe epo ni irin ń mu, ìbáà ṣe iná, irin náà ni.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò kọ́kọ́ bi mí. Wọn yóò ní, ‘Iná wo?’ Ìbéèrè gidi ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ jáde láti fi ẹ̀hónú hàn nítorí àìsí iná. Ọ̀rọ̀ náà di rògbòdìyàn, akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì kú. Níbi tí ọ̀dọ́ ti kú lórí ọ̀rọ̀ iná, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ènìyàn pé iná yóò dé lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí iná tí à ń wá ti pọ̀ tó. Agbára tí ó ń kún nǹkan bí ọgbọ̀n fóònù ni ó ń kún bátìrì kan. Ọ̀pọ̀ irú bátìrì yìí ni ó ṣeé yọ kúrò lára kẹ̀kẹ́, tí a lè gbé lọ́wọ́ bí a ti ń gbé fóònù lọ sí ilé ìtajà tí wọ́n ti ń báni ṣáàjì. Pátákó sólà kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ jẹ́ 300 wáàtì lè kún ọ̀kan bí ó bá rí oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́ta. Ọ̀sán tí oòrùn ń ràn sì ni kẹ̀kẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ti òṣìṣẹ́ ń dúró sí ọgbà láìṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ Benin àti Togo, ilé-iṣẹ́ Spiro ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe: ọlọ́kadà tí ń gun alùpùpù oníná wọn á gbé bátìrì tí ó ti tán sílẹ̀, á gbé èyí tí ó kún, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí èyí bá ṣeé ṣe fún bátìrì alùpùpù tí ó tóbi, kò lè ṣòro fún bátìrì kẹ̀kẹ́.

Àwọn mìíràn yóò ní kẹ̀kẹ́ náà wọ́n. Òtítọ́ ni, ó wọ́n ju kẹ̀kẹ́ lásán lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ṣùgbọ́n kí ni a ń san nísinsìnyí? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ná 500 náírà lórí ọ̀kadà lójúmọ́, tí ó sì ń jáde ní ogúnjọ́ nínú oṣù, 10,000 náírà ni lóṣù, 90,000 náírà ni ní oṣù mẹ́sàn-án. Owó náà lọ, kò sì ní ohunkóhun tí yóò fi hàn. Àwa Yorùbá mọ èsúsú, a mọ àjọ, a sì mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ohun tí ẹnì kan kò lè rà lẹ́ẹ̀kan, mẹ́wàá lè máa rà á fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kadà kò ṣeé fojú fò. Baálé ilé pọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ ọmọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka ọ̀kadà léèwọ̀ pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. N kò fẹ́ irú rẹ̀ níbí. Ìrìn tí ó jìn ṣì wà fún wọn, kíkẹ́rù láti oko ṣì wà. Ẹni tí ó mọ alùpùpù tún ṣe yóò tètè mọ kẹ̀kẹ́ oníná tún ṣe, ẹni tí ó bá sì ní pátákó sólà lè máa bá ènìyàn kún bátìrì gbowó.

Ewu kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún ẹ̀yin tí ń ka àròkọ yìí. Bátìrì tí kò dára a máa gbiná. Ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 18 ni iná tí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀ pa ní ọdún 2023. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ ra bátìrì àlòkù tí a kò mọ orísun rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ṣájà mìíràn ṣáàjì rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ ṣáàjì rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí a sùn sí. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí láé. Ìdí mìíràn nìyí tí ó fi sàn kí ibi tí a ti ń ṣáàjì wà ní gbangba, lábẹ́ àbójútó.

Ní ìparí, kẹ̀kẹ́ ológeere oníná kò lè gbé gbogbo ẹrù wa, kò sì lè rin gbogbo ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n ó lè gba akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ lọ́wọ́ owó ọkọ̀ ojoojúmọ́. Kí àwọn aláṣẹ yunifásítì àti ilé ìwòsàn kọ́ àtíbàbà tí pátákó sólà wà lórí rẹ̀ sí ọgbà wọn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó-Òsì dí kòtò ẹ̀gbẹ́ títì, kí ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lè rí ibi gbà. Kí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá péré bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òkè tí ó lé kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa kúrò lójú títì kò ní lágbára lórí tiwa mọ́, bí a bá ti lè rí iná ìdajì yúnìtì fún un.