Àga Akéwì ní Ilẹ̀ Wales, àti Àga Tí Àwa Kò Tíì Kàn

Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kì í sábà sọ ti ilé ìwé tí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹmu bá ti wọ̀ wọ́n lára díẹ̀, tí atẹ́gùn òkun Ekpè, nílẹ̀ Benin, sì ń fẹ́ láàárín àwọn igi àgbọn nírọ̀lẹ́, wọn a na ọwọ́ sí ọrùn ara wọn, wọn a sì fi ìka wá ohun kan tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Sínyáàlì ni wọ́n ń pe ohun náà láyé àwọn Faransé: ìkarahun ìgbín, tàbí pátákó, tàbí egungun ẹran tí a so okùn mọ́, tí olùkọ́ ń fi kọ́ ọmọ tí èdè abínibí bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́rùn, tí ọmọ náà yóò sì máa ṣọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ológbò ti í ṣọ́ eku, títí ẹlòmíràn yóò fi ṣèèṣì sọ Yorùbá tàbí Gùn, kí òun lè bọ́ ẹrù ìtìjú náà fún un, ẹni tí agogo ìlọsílé bá sì bá a lọ́rùn rẹ̀, ẹgba ni yóò jẹ sùn.

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbà pé nítorí àwọ̀ wa ni wọ́n ṣe dá ìyà yìí sílẹ̀. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun, àfi ìgbà tí mo ka ìtàn àwọn ará Wales tí mo rí i pé ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun, ọmọ agbẹ̀ àti ọmọ awa-èédú, ń gbé pátákó kan náà kọ́rùn, tí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà méjì sí, W àti N, nítorí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn nínú kíláàsì. Ohun tí ó sì dùn mí jù nínú ìtàn náà ni pé kò sí òfin ìjọba kankan tí ó pa á láṣẹ níbẹ̀. Olùkọ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà ni ó ń so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn, ọ̀pọ̀ òbí sì wà tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ wo ni Wales? Ilẹ̀ òkè àti àfonífojì ni, ní apá ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Britain. Ilẹ̀ òjò wẹliwẹli tí kì í fẹ́ dá, ilẹ̀ tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, ilẹ̀ tí ó bí èédú tí ọkọ̀ ojú omi ayé ń sun nígbà tí epo kò tíì gba ipò rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju 20,779 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ Benin tiwa, àwọn tí ó sì ń gbé e kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Òkè tí ó ga jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Yr Wyddfa, 1,085 mítà. Orúkọ tí ayé ń pe ilẹ̀ náà, Wales, kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́: àwọn tí ó gba ilẹ̀ tí a ń pè ní England lónìí ni wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, àjèjì sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ wo àlejò tí ó wọlé, tí ó ń pe onílé ní àlejò! Àwọn onílẹ̀ ń pe ilẹ̀ wọn ní Cymru, wọ́n sì ń pe ara wọn ní Cymry, èyíinì ni àwọn tí ó jọ ni ilẹ̀ kan. Àwa tí gbogbo ará Kútọnu ń pè ní Nàgó, ìbáà ṣe Kétu ni a ti wá, ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀ka kan péré nínú wa ni ó ni orúkọ náà, a mọ bí ó ti í rí lára.

Ilẹ̀ náà kò sì ṣàjèjì sí wa tó bí a ti rò. Àwọn atukọ̀ ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti gbé Cardiff tipẹ́tipẹ́, ní àdúgbò etíkun tí wọ́n ń pè ní Tiger Bay. Àti ní Colwyn Bay, ní àríwá, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, William Hughes, tí ó ti Kóńgò dé ní ọdún 1885, dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà, tí Mójọlá Àgbébì ti Èkó, baba àwọn Onítẹ̀bọmi tí ó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀ tí ó wọ agbádá, sì wà lára àwọn tí ó tì í lẹ́yìn.

Ogun ni ó sọ àwọn ará Wales di ọmọ abẹ́. Àwọn ọmọ ogun Ọba Edward ti England pa Llywelyn, olórí wọn tí ó kẹ́yìn, ní oṣù kejìlá ọdún 1282, ọba náà sì kọ́ ilé olódi sí etíkun wọn, ọ̀kan ní Caernarfon, òmíràn ní Conwy, òmíràn ní Harlech, tí òkúta wọn ṣì dúró gbagidi títí di òní. Òfin ọdún 1536 sì wá sọ pé ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní di ipò ìjọba kankan mú. Ní ọdún 1847, àwọn aṣèwádìí mẹ́ta tí wọn kò gbọ́ èdè náà rárá kọ ọ́ sínú ìwé fún ìjọba pé èdè yìí ni ó mú ará Wales tòṣì, tí ó sì mú un ya aláìmọ̀wàáhù. Àwọn ará Wales ń pe ìwé yẹn ní ọ̀dàlẹ̀ títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n rántí fún yín pé ní ọdún 1944, nígbà tí àwọn gómìnà Faransé ṣe àpérò ní Brazzaville, ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí kò jìnnà sí i: Faransé nìkan ni kí a fi kọ́ ọmọ Áfíríkà.

Mo ti pẹ́ díẹ̀ lórí ìyà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jókòó tì nìyí: ìjókòó gan-an ni. Àjọ̀dún tí ó tóbi jù lọ ní Wales ni Eisteddfod, inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìjókòó ni wọ́n sì ti yọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1176, ìjòyè ńlá kan, Rhys ap Gruffudd, kó àwọn akéwì àti onílù-olókùn jọ sí ààfin rẹ̀ ní Cardigan lẹ́yìn tí ó ti fi ọdún kan gbáko polongo rẹ̀, ó sì tẹ́ àga méjì, ọ̀kan fún ẹni tí ewì rẹ̀ bá ta yọ, èkejì fún ẹni tí orin rẹ̀ bá ta yọ. Iṣẹ́ akéwì wọn láyé ìgbà náà, iṣẹ́ arọ́kin Aláàfin ni: kí ó mọ ìran olówó rẹ̀ dé orírun, kí ó yìn ín láàyè, kí ó sì sun rárà rẹ̀ bí ó bá lọ. Ewì náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Wọ́n ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní cynghanedd, tí ó fi dandan lé e pé ìró tí ó bá ṣíwájú nínú ìlà ewì gbọ́dọ̀ padà wá jẹ́ra wọn ní ìdajì kejì, bí omele ti í dá ìyáàlù lóhùn.

Títí di òní, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ, àjọ̀dún náà a máa lọ sí àríwá lọ́dún kan, a lọ sí gúúsù lọ́dún kejì. Láti ọdún 1950 ni wọ́n sì ti sọ ọ́ di èèwọ̀ pé kí a sọ èdè mìíràn lórí ìtàgé rẹ̀. Akéwì kì í fi orúkọ rẹ̀ sí ewì. Orúkọ ìnagijẹ ni í fi ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó borí títí wọn yóò fi fun fèrè, tí wọn yóò pe orúkọ náà, tí ẹnìkan yóò sì dìde láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò. Wọn a mú un wá sídìí àga rẹ̀, olórí àwọn akéwì a yọ idà díẹ̀ nínú àkọ̀, a sì bi gbogbo èrò lẹ́ẹ̀mẹta bóyá àlàáfíà wà.

Ẹnìkan kò dìde lọ́dún 1917. Ní Birkenhead ni, wọ́n pe orúkọ lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì sí ẹni tí ó mira. Ọ̀dọ́ darandaran kan láti Trawsfynydd, Hedd Wyn, ni ó borí, ṣùgbọ́n ó ti kú sójú ogun ní Belgium ní ọjọ́ 31 oṣù keje. Wọ́n ta aṣọ dúdú bo àga náà, wọ́n sì gbé e lọ fún àwọn òbí rẹ̀ ní abúlé. Àga náà ṣì wà nílé wọn.

Kí n má baà purọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ ó rí ní àjọ̀dún náà ni ó bá ayé wá. Agbẹ́-òkúta kan tí ń jẹ́ Iolo Morganwg ni ó kó àwọn akéwì jọ sórí òkè kan ní London lọ́dún 1792, tí ó sì ṣe ètò ayẹyẹ tí ó ní àwọn baba ńlá ni ó fi í lélẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé orí ara rẹ̀ ni ó ti hù ú. Èmi kò bá a wí. Irọ́ tí ó mú àwọn ènìyàn kọ ewì fún igba ọdún, ẹ̀bi kékeré ni.

Kì í sì í ṣe níbi àjọ̀dún nìkan ni wọ́n ti ń fi orin figagbága. Ní àkókò Kérésìmesì sí ọdún tuntun, àwọn ará gúúsù ilẹ̀ náà a máa fi aṣọ funfun bo igi, wọn a sì fi agbárí ẹṣin sí i lórí, wọn a gbé e dé ẹnu ọ̀nà onílé, wọn a sì máa fi orin tọ́ onílé. Onílé náà a sì máa fi orin fèsì láti inú ilé, bí ọ̀rọ̀ bá sì tán lẹ́nu rẹ̀, ó di dandan kí ó ṣílẹ̀kùn, kí ó sì fún wọn ní oúnjẹ. Mari Lwyd ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣọ́ òru Ẹ̀fẹ̀ rí ní Kétu, tí ó gbọ́ bí akọrin ti ń gbógun ti òṣìkà àti aláìṣòótọ́ láàárín òru láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, tí gbogbo ọjà sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wí, kò nílò kí n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí òru Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ apá kan rẹ̀, ni UNESCO gbé ga lọ́dún 2001 fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Àmọ́ mo ti jókòó níbi òru Ẹ̀fẹ̀ kan, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí ó gba oyè ńlá nílé ìwé, ń fà mí lápá pé kí ni gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún un. Ẹ̀rín ti tán kí n tó parí rẹ̀.

Báwo ni àwọn ará Wales ṣe gba tiwọn padà? Wọn kò tíì gbà á padà tán. Ní ọdún 1911, ẹni mẹ́rìnlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ni ó gbọ́ èdè náà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn lọ́dún 2021, nǹkan bí 538,000 ni, tí kò tó méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n èdè tí Saunders Lewis wí lórí rédíò lọ́dún 1962 pé yóò kú ní kùtùkùtù ọgọ́rùn-ún ọdún tí a wà yìí, kò kú. William Morgan ti túmọ̀ Bíbélì sí i lọ́dún 1588, ní bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí Bíbélì Yorùbá ti Àjàyí Crowther tó pé lọ́dún 1884, èdè náà sì ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ilé ìsìn àti nínú orin. Ọmọ méje ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a fi èdè Wales kọ́ni ní Aberystwyth lọ́dún 1939. Ọmọ méje! Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọ̀dà kun àmì ojú ọ̀nà tí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, tí wọ́n ń lọ sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Tí Gwynfor Evans, àgbà olóṣèlú, búra lọ́dún 1980 pé òun yóò fi ebi pa ara òun bí ìjọba kò bá mú ìlérí tẹlifíṣọ̀n elédè Wales ṣẹ, tí ìjọba sì yí ọkàn padà, tí ilé iṣẹ́ náà sì ṣí lọ́dún 1982. Òfin tẹ̀lé e. Ẹ kíyè sí i pé òfin ni ó tẹ̀lé wọn, àwọn kò dúró de òfin.

Mo mọ ohun tí aládùúgbò mi yóò sọ ní Ekpè níhìn-ín: “Ẹ̀yin bàbá, Faransé ni a fi ń wáṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń rajà ní Èkó, Gùn ni a fi ń bá onílé sọ̀rọ̀; níbo ni ẹ fẹ́ kí Yorùbá jókòó sí?” Òtítọ́ ni ó sọ, èmi náà kò sì ní kí ọmọ má gbọ́ Faransé. Àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn mi: a kò tíì pèsè ibi tí yóò jókòó. Àwa, ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Pobẹ̀ àti Sàkẹ́tẹ́, ọmọ Ìdáṣà, ọmọ Yorùbá tí a fi Àjàṣẹ́ ṣe ilé, a ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba wa, a sì ń bínú sí ọmọ tí ó ṣì í lọ. A máa ń fi èébú kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Àbí ìgbà wo ni a ti pe ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n sọ síta, tí a fun fèrè fún un, tí a mú un jókòó níbi tí ìyá rẹ̀ ti lè rí i?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí àwa náà dá ìjókòó kan sílẹ̀, kí ó lọ sí Kétu lọ́dún kan, kí ó lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́dún kejì, kí Àjàṣẹ́ gbà á lọ́dún kẹta. Kí a kéde rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú bí Rhys ti ṣe. Kí oríkì, ìjálá, ẹkún ìyàwó àti Ẹ̀fẹ̀ wọ̀dìmú níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ Yorùbá nìkan ni a ó gbọ́ lórí ìtàgé. Àga kan ṣoṣo ni èrè ẹni tí ó bá borí. Kétu kò ṣaláìní gbẹ́nàgbẹ́nà; àwọn tí ń gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lè gbẹ́ àga.

Ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó kọjá, mo yà lọ́dọ̀ káfíńtà kan lẹ́bàá títì, ní ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró gbé èrò lọ sí Àjàṣẹ́, mo sì sọ fún un pé mo fẹ́ àga ìrókò kan, apá méjì, ẹ̀yìn gíga. Ó béèrè ẹni tí ó ni ín. Mo ní n kò tíì mọ̀ ọ́n, kò tíì kọ ewì rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní kí n san ìdajì owó sílẹ̀, mo sì san án. Ẹni tí yóò bá mi san ìdajì kejì, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà náà kò jìnnà sí títì.