Ẹ Jẹ́ Kí Àrọ̀ Máa Bímọ Nílé Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Èmi kò bá òwe yìí jiyàn. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé, owó tí a fi ń pa ọbẹ̀ wa ní agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ọwọ́ ta ni ó ń bọ́ sí? Bí ènìyàn bá dé ọjà Òsì tàbí ti Ìlọ́fà, ẹja inú yìnyín tí a ń fi ẹ̀fẹ̀ pè ní òkú Èkó ni yóò kọ́kọ́ rí. Òkun ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti pa púpọ̀ nínú rẹ̀, kí ó tó di èrò ọkọ̀ ojú omi àti ti ọkọ̀ ẹrù wá sí ọ̀dọ̀ wa.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbìyànjú. Ẹlòmíràn gbẹ́ adágún sí ẹ̀bá odò, ẹlòmíràn mọ kòtò onísìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé, ẹlòmíràn ra táńkì oníke. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ń rí ọmọ ẹja tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀? Àwọn tí mo mọ̀ nínú wọn, Ìlọrin ni wọ́n ti ń lọ rà á, tàbí ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn á bù ú sínú ọ̀rá tàbí kẹ́ẹ̀gì, wọn á gbé e gba inú oòrùn kọjá. Kí wọ́n tó délé, òmíràn ti kú, òmíràn ti ń mí gúlegúle. Ẹni tí ó rà á kò mọ ìyá rẹ̀, kò mọ baba rẹ̀, kò sì mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tí ó ń sin àrọ̀ tí kò mọ bí a ti ń mú un bímọ, alágbàtọ́ ni. Ọjọ́ tí ẹni tí ó ń ta ọmọ ẹja bá fi owó lé e, kò ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Kí ló mú kí ó rí bẹ́ẹ̀? Àrọ̀ kì í dédé yé ẹyin nínú ìgbèkùn. Nínú odò, nígbà tí òjò bá rọ̀ dáadáa, tí omi kún tí ó bo koríko etídò, ìgbà náà ni takọtabo wọn ń wọ́ lọ sí ibi tí omi kò jìn, tí abo á yé ẹyin sára koríko. Nínú kòtò tàbí àpótí dígí, ẹyin lè kún inú abo títí kí ó má yé e, nítorí kò rí àmì tí odò ń fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé awo ni iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe awo rárá. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni Rodolpho von Ihering, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Bràsíl, ti fi hàn pé bí a bá yọ kókó kékeré kan tí ó wà lábẹ́ ọpọlọ ẹja, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì fi í gún ẹja mìíràn ní abẹ́rẹ́, ara onítọ̀hún yóò gbà pé àkókò ìbímọ ti dé. Ọgbọ́n yìí náà ni à ń lò fún àrọ̀. A lè lo kókó orí àrọ̀ tí ó ti dàgbà, a sì lè ra oògùn rẹ̀ tí wọ́n ti pò sínú ìgò.

Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyí. Ní alẹ́, a ó wọn abo tí ẹyin rẹ̀ ti gbó, a ó gún un ní abẹ́rẹ́ sí ẹran ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ìwúwo rẹ̀ bá ti tó. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó nǹkan bí 27 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, tí ó bá tó wákàtí 10 sí 12, bí a bá rọra tẹ ikùn rẹ̀, ẹyin yóò máa tú jáde. Ti akọ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Pípa ni a sábà máa ń pa á kí a tó rí àtọ̀ rẹ̀. A ó fi omi iyọ̀ díẹ̀ là á, a ó dà á sórí ẹyin, a ó bu omi sí i, a ó sì fi ìyẹ́ adìyẹ rò ó pọ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó tẹ́ ẹyin náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí àwọ̀n nínú omi tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀, yóò pa. Èyí tí ó bá funfun, òkú ẹyin ni. Kí a tètè kó o kúrò kí ó má ba omi jẹ́.

Títọ́ ọmọ ni iṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ ni àpótí dígí sì ti wúlò ju kòtò lọ. Nínú kòtò, òkè omi nìkan ni à ń rí. Nínú dígí, à ń rí ikùn ọmọ ẹja, à ń rí oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù, à ń rí òkú kí ó tó rà. Èyí tí mo ń lò ní Òsì kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, pupa ẹyin tí ó wà níkùn wọn ni wọ́n ń jẹ, wọn a sì kó ara wọn jọ sí igun tí ó ṣókùnkùn. Bí wọ́n bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri, ebi ti dé nìyẹn. Ohun alààyè tí ó kéré tó ẹnu wọn ni kí a fún wọn: àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ inú adágún tí a fi aṣọ sẹ́, tàbí Artemia inú agolo tí a pa nínú omi iyọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọn kò tíì lè gòkè wá gba atẹ́gùn bí àgbà àrọ̀ ti ń ṣe. Bí omi bá bàjẹ́, kò sí ibi ìsásí. Nígbà tí wọ́n bá sì ń dàgbà, èyí tí ó yára tóbi á bẹ̀rẹ̀ sí gbé àbúrò rẹ̀ mì. Ẹni tí kò bá ṣà wọ́n sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n ìwọ̀n, yóò jí lọ́jọ́ kan bá ìwọ̀nba aláyọ̀ọ́kùn díẹ̀ nínú omi.

Àwọn kan yóò ní kò sí iná mọ̀nàmọ́ná. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹja kò bá pọ̀ jù nínú àpótí, tí a ń pààrọ̀ omi déédéé, tí a sì ní ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré tí ń lo bátìrì, a óò rí i ṣe. Àwọn mìíràn yóò ní kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ilé ìwádìí ẹja ní New Bussa. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ìpínlẹ̀ Kwara tiwa yìí ni New Bussa sì wà títí di 1991 kí ó tó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Niger. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwọn ni láti wádìí, iṣẹ́ tiwa ni láti lo ohun tí wọ́n bá rí. Àwíjàre tí ó wúwo jù ni ti àwọn tí ó ní ẹja ilé kan náà yóò máa gun ara wọn, ìran wọn yóò sì máa rẹ̀yìn. Èsì mi ni pé, bí a kì í ti í fẹ́ ọmọ ìyá ẹni, kí a má ṣe mú akọ àti abo láti ilé kan, kí a sì kọ ìtàn wọn sínú ìwé.

Èyí ni mo fi rò pé àáró ni ó yẹ iṣẹ́ yìí. Abo kan tí ó wọn kílò kan péré lè yé ẹyin tí ó ju 50,000 lọ; àpótí ẹnì kan kò lè gbà wọ́n. Bí ilé márùn-ún bá pawọ́ pọ̀, ilé kan mú abo wá, èkejì mú akọ wá, kí wọ́n pín ọmọ rẹ̀, lóṣù tí ń bọ̀ kí ó kan ẹlòmíràn. Bí àwọn baba wa ti ń ro oko ara wọn nìyẹn.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Ní 1996, Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ti ń mú àrọ̀ bímọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì dára. Ìyá tí ń yan ẹja ní Ìlọ́fà ńkọ́? Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì rí i pé ó ṣeé ṣe. Àwa tí à ń kọ́ èdè yìí ní yunifásítì, kí ni a ń dúró dè? Kí àwọn tí ó ń kọ́ nípa ẹja mú ìmọ̀ wá, kí àwa mú èdè wá, kí a kọ ìwé pélébé kan tí àgbẹ̀ lè kà. Ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí a gbé e lọ sí Òsì àti Ìlọ́fà, kí a sì fi iṣẹ́ náà hàn wọ́n lójú ara wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.