Wọ́n Gbé "Bubble" Gẹ̀gẹ̀, Wọ́n Pa "Fuji Satisfaction" Tì

Nínú gbogbo àwo tí Adéwálé Àyúbà, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, ti fi ohùn sí, kò sí èyí tó tó Fuji Satisfaction. Àárín àwọn ọdún 2000 ló jáde. Ilé iṣẹ́ Piranha ní ìlú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló gbé e sí ìgboro, orúkọ ẹgbẹ́ Bantu ló sì ṣáájú orúkọ Àyúbà lára páálí rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè iṣẹ́ Àyúbà lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ fújì láti Ṣágámù dé Ìpẹru, Bubble ni wọn yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Àwọn kan á pe Àyúbà ní Mr Johnson, wọ́n á fẹ̀rín sí i. Ta ló ń dárúkọ Fuji Satisfaction? Ìgbàgbé yìí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ọwọ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀: ọwọ́ àwọn tó ń ta orin, ọwọ́ àwọn tó ń gbé e sórí rédíò, àti ọwọ́ àwọn tó sọ ara wọn di onídàájọ́ ohun tí fújì jẹ́.

Ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, ọdún 1966 ni wọ́n bí Àyúbà. Fújì ti gbérasọ nígbà tí òun ń dàgbà. Sikiru Àyìndé Barrister ti mú orin wéré, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì lóṣù Ramadan, kúrò ní ojúlé dé ojúlé, ó ti sọ ọ́ di orin òde àríyá tí ọ̀pọ̀ onílù ń gbè lẹ́yìn ohùn ẹnì kan. Kollington Àyìnlá ti bá a du ipò, ó sì ti fi bàtá kún ìlù tirẹ̀. Lọ́dún 1984, Wasiu Àyìndé gbé Talazo '84 jáde, àwọn ọmọdé sì rí i pé àwọn náà lè ní fújì tiwọn. Ojú ọ̀nà yẹn ni Àyúbà gbà wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Sony Music gbé Bubble jáde. Sony yìí kan náà ló ń jẹ́ CBS nígbà tí Shina Peters fi Ace sọ jùjú di orin ọ̀dọ́ lọ́dún 1989. Bonsue ni Àyúbà pe fújì tirẹ̀. Ó ń jó, ó ń múra bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń lọ sí pátì, kì í bú ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí àwo, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì há Yorùbá láìdà bí ẹni tó ń ṣe àṣehàn. Àwọn òbí tó ka fújì sí orin ọmọ ìta gbà kí wọ́n máa kọ ọ́ ní pálọ̀ wọn.

Ohun tí Bubble ṣe kò kéré, ẹnikẹ́ni kò sì ní í jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo náà kò dán Àyúbà wò. Àwọn onílù tó mọ̀ ọ́n ló yí i ká, wọ́n mọ ìgbà tó fẹ́ mí, wọ́n mọ ìgbà tó fẹ́ yí orin padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ohùn Àyúbà ti lágbára tó, kò lè mọ̀ ọ́n ní ibi tí gbogbo nǹkan ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí. Náírà ń já wálẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ àwo ti òkè òkun palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ní Nàìjíríà, ọjà orin sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì ọjà Àlàbá ní Èkó. Àyúbà kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì kàwé ní Queensborough Community College ní New York. Ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ọ̀rẹ́ olórin fújì. Orin tó jẹ́ pé òde ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló ń gbé e ró, bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá ti kúrò nílé, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga rẹ̀.

Adé Bantu, olórí ẹgbẹ́ Bantu, ló wá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà yìí. Bàbá Adé jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Jámánì. London ni wọ́n bí i sí, Èkó ló ti dàgbà, Jámánì ló sì ti di olórin ráàpù. Lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà lu Alberto Adriano, ọmọ Mòsáḿbíìkì, pa ní ìlú Dessau lọ́dún 2000, òun ló kó àwọn olórin aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Jámánì jọ sábẹ́ orúkọ Brothers Keepers láti fi orin dá àwọn apànìyàn lóhùn. Ẹni tó fi orin jà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń wá ohùn Yorùbá kan tí yóò fi ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó mú hip-hop àti Afrobeat wá síwájú fújì, ó ní kí wọ́n figagbága. Orúkọ kejì tí àwo náà ń jẹ́, Sound Clash in Lagos, sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Nínú fújì, ìlù ló ń tẹ̀lé olórin. Bí olórin bá fa fáwẹ̀lì kan gùn, tó lọ́ ọ bí àwọn tó ń ké Kùránì ti ń lọ́ ohùn, dùndún á dúró dè é, omele á máa yan níbi kan náà títí tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Bó bá rántí òwe kan lójijì, àyè wà. Bí ọlọ́lá kan bá wọlé, àyè wà fún oríkì rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ojú kan àwo fújì fi máa ń jẹ́ orin kan ṣoṣo tó ń lọ láìdúró bíi ogún ìṣẹ́jú. Ìlù hip-hop kò mọ irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ìdá mẹ́rin-mẹ́rin ló ń lọ, gbàgà rẹ̀ máa ń bọ́ sí ibi kan náà, oníráàpù sì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń retí àyè tirẹ̀. Olórin tó bá fa ohùn gùn jù yóò bá a pé orin ti kọjá lára òun. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè gé ọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú, torí pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń ya ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n bá fún pọ̀ jù lè di ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ẹni tó ń kọ ọ́.

Àyúbà bọ́ sínú ìhámọ́ yìí, kò há. Ó kó ohun tí ì bá fi odidi ojú àwo kan sọ sínú orin kúkúrú, ìlọ́hùn wéré sì ṣì wà níbẹ̀, ó kàn kúrú, ó sì mú bí abẹ ni. Nígbà tí Adé Bantu bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí pijin sọ tirẹ̀ tààrà, ohùn Àyúbà ló ń dá orin padà sílé. Nínú Bubble, ìlù ló gbé Àyúbà. Nínú Fuji Satisfaction, Àyúbà ló gbé orin. Ẹni tó bá ń sọ pé Bubble ló ga jù, ijó ló ń rántí, kì í ṣe ohùn.

Àwọn ará ìta kò ṣàì gbọ́ ọ. Lọ́dún 2005, àmì ẹ̀yẹ Kora, tí wọ́n ń fún àwọn olórin jákèjádò Áfíríkà, bọ́ sọ́wọ́ Bantu lọ́nà méjì: ẹgbẹ́ tó dára jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àti ẹgbẹ́ tó dára jù ní gbogbo Áfíríkà. Lákòókò yẹn gan-an, irú iṣẹ́ báyìí ń gba ìyìn níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, Solomon Burke, àgbà olórin soul tí ọjà ti gbàgbé, bá àwọn tó kéré sí i ṣiṣẹ́, ó gbé Don't Give Up on Me jáde lọ́dún 2002, àwo náà sì gba Grammy. Àwọn àgbà olórin Kúbà ti Buena Vista Social Club ti rí irú rẹ̀ láti 1997. Amẹ́ríkà yìn Burke pé ó tún ohùn rẹ̀ ṣe. Nílé, Àyúbà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n ní ó ti ya kúrò lójú ọ̀nà.

Kí ló fà á? Owó ló kọ́kọ́ fà á. Fújì kò gbẹ́kẹ̀ lé títa àwo. Òde ló gbẹ́kẹ̀ lé. Olóde á san owó ìpè, àlejò á máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, olórin á máa dárúkọ wọn, orúkọ wọ̀nyí á sì tún wọ inú àwo. Ẹni tí wọ́n bá kì nínú àwo á ra púpọ̀, á pín in fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ náà á fẹ́ kí wọ́n kì òun náà nínú èyí tó ń bọ̀. Gbogbo ẹ̀rọ yìí ló ń sọ àwo fújì di ohun tí ìlú ń gbọ́. Àwo tí wọ́n tà ní Berlin fún ẹni tó fẹ́ jókòó sínú yàrá kó fetí sílẹ̀ kò ní alájọpín kankan ní Òde-Rẹ́mọ tàbí Ìṣarà. Oníkásẹ́ẹ̀tì kò rí èrè nínú rẹ̀, torí náà kò gbé e. Olóòtú rédíò kò rí i lọ́jà, torí náà kò mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ṣeé gbọ́ lọ́dún 2005. Lónìí tí gbogbo orin wà lórí fóònù, ìwà ọ̀lẹ lásán ni.

Ìjà ló tẹ̀ lé owó. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ nípa fújì, ìjà ọba ni: Barrister àti Kollington láyé àná, Pasuma àti Saheed Òṣùpá lẹ́yìn wọn, ta ni oyè Mayégún tọ́ sí, ta ni kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ọba. Àyúbà kò du adé. Àwo rẹ̀ tí kò bú ẹnikẹ́ni kò fún àwọn oníròyìn ní ohun tí wọ́n lè fi ta ìwé ìròyìn. Wọ́n ń yìn ín pé ó níwà, wọ́n sì fi ìyìn yẹn bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn kan ní ohun tó burú ju èyí lọ láti sọ: wọ́n ní Fuji Satisfaction kì í ṣe fújì rárá, pé gìtá àti ráàpù ti bà á jẹ́. Irọ́ ni. Orin tó ti inú wéré bọ́ sínú òde àríyá ti yí padà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀. Ó gba ohùn lọ́wọ́ àpàlà àti sákárà. Bàtá tí Kollington fi kún un, ìlù Ṣàngó ni, inú mọ́sáláṣí kọ́ ló ti wá. Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù wọlé, àwọn àgbà pariwo. Lónìí, ẹgbẹ́ fújì tí kò ní kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń wò bí ẹni pé owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọdún kan tí wọ́n lè fọwọ́ sọ pé fújì pé níbẹ̀, tí ohun tó bá tẹ̀ lé e di àbùkù. Ohun tí kò gbọdọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni ìlọ́hùn náà àti ọ̀rọ̀ tó ń bá ìlù sọ̀rọ̀. Méjèèjì wà nínú àwo yìí.

Èyí tó le díẹ̀ ni ti àwọn tó ní àwo Bantu ni, kì í ṣe ti Àyúbà. Páálí gbè wọ́n lẹ́yìn. Àmọ́ páálí kì í kọrin. Bí wọ́n bá yọ ẹsẹ ráàpù kan kúrò, ẹlòmíràn lè dúró sí àyè rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ohùn Àyúbà, kò sí fújì mọ́ nínú orúkọ àwo náà, kò sì sí ìdí tí Adé Bantu fi wá sí Èkó. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe to orúkọ, tí ọmọ Rẹ́mọ wá di àlejò lórí iṣẹ́ tí ohùn rẹ̀ gbé ró.

Nísinsìnyí, gbogbo ayé ti ń ṣe ohun tí wọ́n bá Àyúbà wí sí. Asake gbé Mr. Money with the Vibe jáde lọ́dún 2022, fújì wà nínú ohùn rẹ̀ láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà tuntun ni. Adékúnlé Gold pe àwo rẹ̀ ti 2025 ní Fuji, kò sì sí ẹni tó béèrè bóyá ó kọ wéré rí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa pè é ní ọ̀nà tuntun nígbà tí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ti rìn ín ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ìrẹ́jẹ ni.

Rẹ́mọ kì í ṣe ilẹ̀ tí kò mọyì ènìyàn rẹ̀. Ẹni tó bá wọ Ìkẹ́nnẹ́ á rí ilé Awólọ́wọ̀, á sì rí ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tí Tai Ṣólàrín dá sílẹ̀ lọ́dún 1956. Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars gba ife líìgì Nàìjíríà lọ́dún 2025, gbogbo agbègbè náà ló yọ̀. Olórin kò gbọdọ̀ dúró títí di ọjọ́ òkú kí wọ́n tó fetí sí iṣẹ́ tó gbà á lágbára jù. Àwọn rédíò ìpínlẹ̀ Ògùn ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bubble ti rí àyè tó. Ní ọjọ́ ìbí Àyúbà tó ń bọ̀, kí wọ́n fi Fuji Satisfaction ṣí ètò, kí wọ́n gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgé e, kí wọ́n sì dárúkọ Àyúbà ṣáájú.