Irọ́ Lásán Kọ́ Ni Ìtàn Àràmàǹdà: Èsì fún Àwọn Tí Wọ́n Ní Kò Gba Ìwádìí

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá, ó sì ti tó àkókò kí wọ́n yọ ọ́ bí ẹni yọ jìgá. Èrò náà ni pé ẹni tí ó ń kọ ìtàn àràmàǹdà, èyí tí iwin, àǹjọ̀nú àti irúnmalẹ̀ kún inú rẹ̀, kò nílò ìwádìí kankan. Wọ́n ní ẹni tí ó ń kọ ìtàn ọ̀daràn tàbí ìtàn ogun ni ó gbọ́dọ̀ wádìí. Ní ti ẹni tí ó ń kọ ìtàn iwin, wọ́n ní kí ó ṣáà di ojú, kí ó máa kọ ohun tí ó bá wá sí i lọ́kàn. Láti inú èrò yìí ni ìdáhùn kan tí ó wọ́pọ̀ ti jáde. Bí wọ́n bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ibùdó ìtàn Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, yóò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀: "Igbó." Olùkọ́ yóò fa ìlà sí i, yóò sì fún un ní máàkì.

Ewu tí ó wà nínú èrò yìí kò kéré. Lọ́nà kìíní, ó ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di òpè níwájú ìwé tí ó ń kà, nítorí ẹni tí ó ti gbà pé irọ́ lásán ni ìtàn kò ní wá ìdí tí ẹ̀dá ìtàn fi ṣe ohun tí ó ṣe. Lọ́nà kejì, ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ ìwé jẹ́. Ọ̀dọ́ tí ó ń gbé Ìtamàga ní Ìkòròdú, tí ó sì fẹ́ dá ayé iwin sílẹ̀ nínú ìwé, yóò kó ààfin olókùúta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú rẹ̀, yóò da yìnyín tí kò fojú rí rí sórí òrùlé, yóò sì fi dírágónì tí ń yọ iná lẹ́nu ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọn kò kúkú sọ fún un pé ó yẹ kí ó jáde nílé lọ béèrè ohunkóhun.

Orí Fágúnwà ni ó yẹ kí àríyànjiyàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni àwọn alátakò fi ń ṣe ẹ̀rí. Wọ́n ní àlọ́ tí ó gbọ́ ní kékeré ní Òkè-Igbó ni ó kó jọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ àlọ́ lábẹ́ òṣùpá kò di Fágúnwà? Olùkọ́ ni ọkùnrin náà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nígbà tí ìwé rẹ̀ kìíní jáde ní 1938. Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé tú àwọn ìtàn rẹ̀ wò fínnífínní nínú ìwé lámèyítọ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1974, ó hàn gbangba pé yàtọ̀ sí àlọ́ Yorùbá, Bíbélì wà níbẹ̀, ìwé Bunyan wà níbẹ̀, ìtàn àwọn ará Gíríìkì ìgbàanì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣé ojú àlá ni Fágúnwà ti rí ìwọ̀nyí? Ẹni tí ó kà, tí ó gbọ́, tí ó sì mọ èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò fi sílẹ̀ ni ó lè rán wọn pọ̀ tí ojú rírán kò fi ní hàn.

Bí ó ṣe kọ́ ayé ìtàn náà tún yẹ fún àkíyèsí. Nígbà tí ọba rán Àkàrà-Ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ. Àwọn akọni bá a rìn, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Kàkó ní kùmọ̀. Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n. Ẹ̀fọ́ìyẹ̀ ní ọrun àti ọfà. Olóhùn-Iyọ̀ ní ohùn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́. Agbára ẹnì kan kò dà mọ́ ti ẹnì kejì. Níbi tí iṣẹ́ bá ti kan ohùn, kùmọ̀ kò wúlò. Níbi tí ó bá ti kan ọfà, orin kò tó. Àwọn ẹyẹ ní ìlú tiwọn, Ògòńgò sì ni ọba wọn. Ilé Ìrágbèje jẹ́ ilé olójúlé méje, ọjọ́ méje ni àwọn àlejò sì fi gbọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Kò sí ohun kan tí ó kàn ṣẹlẹ̀ nítorí pé ó wu òǹkọ̀wé. Ìlú wà, ọba wà, òfin wà, iye wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pe gbogbo èyí ní "igbó" dà bí àlejò tí ó dé Ìkòròdú tí ó ní ilé ni òun rí níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òǹkàwé yóò gba àǹjọ̀nú olójú mẹ́rìndínlógún gbọ́, bí ilẹ̀ tí àǹjọ̀nú náà dúró lé bá le. Bí oògùn bá ń jẹ́ lónìí, tí kò jẹ́ lọ́la, tí kò sì sí èèwọ̀ kan tí ó fà á, ìwé náà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń kọ ìtàn àràmàǹdà nílò ìwádìí ju ẹni tí ó ń kọ ìtàn ojú ayé lọ. Ayé tí ojú ń rí ti ní òfin tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dá ayé mìíràn sílẹ̀ ni yóò fún un ní òfin, yóò sì pa á mọ́ láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn.

Àwọn kan yóò dìde pé wíwádìí nípa irúnmalẹ̀ kò yẹ ọmọ ìjọ tàbí ọmọ mùsùlùmí. Èsì wọn wà ní ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ: ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ni ó kọ́kọ́ tẹ Ògbójú Ọdẹ jáde, onígbàgbọ́ sì ni ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹni tí ó béèrè orúkọ odò kò tíì di aborẹ̀ odò. Ìwádìí kò sì túmọ̀ sí títú àṣírí awo síta. Bí Orò bá ń ké ní Ìkòròdú, ibi tí ọ̀gbẹ̀rì dúró sí yàtọ̀ sí ibi tí awo dúró sí. Òǹkọ̀wé tí ó gbọ́n yóò bọ̀wọ̀ fún ààlà náà, yóò sì mọ̀ pé ààlà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun èlò ìtàn. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀dá ìtàn kò gbọdọ̀ ṣí ni ó máa ń mú kí olùkà ṣí ojú ewé tí ó kàn.

Irọ́ kejì tí ó ń bá ti àkọ́kọ́ rìn ni pé ìmísí òru ọjọ́ kan ni ó ń bí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Amos Tutùọlá ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, alágbẹ̀dẹ bàbà tí ó di ìránṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Wọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó fi kọ The Palm-Wine Drinkard, tí Faber and Faber tẹ̀ ní London ní 1952. Ìdajì òótọ́ ni wọ́n sọ. Lẹ́yìn àkọ́kọ́ náà, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ó tún fi ń fẹ̀ ẹ́ lójú kí ó tó fi ránṣẹ́. Fágúnwà ńkọ́? Láàrin ìwé kìíní ní 1938 àti Igbó Olódùmarè ní 1949, ọdún mọ́kànlá ni. Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje tẹ̀ lé e ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní 1961. Ọkùnrin yìí ń ṣe iṣẹ́ oṣù, ó rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ ìwé nípa ìrìn àjò náà. Nínú Ògbójú Ọdẹ pàápàá, kò sọ ìtàn náà tán ní ìjókòó kan. Àkàrà-Ògùn sọ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó lọ sí ilé, ó sì padà wá ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ tún jókòó ti kálàmù àti ìwé rẹ̀. Bí iṣẹ́ ìwé kíkọ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí ó bá kọ ojú ewé kan lóòjọ́ yóò ní 365 nígbà tí ọdún bá yípo. Bí ó bá tilẹ̀ fa ìdajì wọn ya, odindi ìwé kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí wá ni ọmọ Ìtamàga rí tí yóò wádìí? Ọ̀sà wà nítòsí rẹ̀. Àwọn apẹja tí wọ́n mọ orúkọ àwọ̀n àti ìgèrè, tí wọ́n mọ ibi tí edé máa ń pọ̀ sí àti ìgbà tí atẹ́gùn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ jáde, wà láàyè níbẹ̀. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà náà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, yóò dé Ẹ̀pẹ́. Níbẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ sá lọ nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní Oṣù Kejìlá ọdún 1851. Ó tẹ ìjọba dó sí etí omi ẹlòmíràn, ó bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní 1854, kò sì padà sí Èkó títí di 1862. Ìtàn ọba tí ó pàdánù ìtẹ́ wo ni wọ́n ń wá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè tí ó ju èyí lọ?

Láti agbègbè Ẹ̀pẹ́ náà ni ènìyàn ti lè dé Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Gígùn rẹ̀ ju 160 kìlómítà lọ, ní ibòmíràn sì rèé, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin olówó kan tí kò bímọ, ni ó ní kí wọ́n wà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ nípa ìlú iwin tí odi yí ká, kí ó lọ dúró ní ìsàlẹ̀ yàrà yìí. Kí ó béèrè pé ta ni ó wà á, kí ni wọ́n fi wà á, níbo ni iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ, ta ni wọ́n sì ń sá fún. Bí ó bá dáhùn pé iwin ni ó wà á, kò tíì tán: kí ni àwọn iwin náà gbà ní owó iṣẹ́, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n ní iṣẹ́ bá kọ̀ láti san án? Láti inú irú ìbéèrè báyìí ni ayé ìtàn ti ń jáde.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ayé kò fẹ́ irú ìtàn yìí mọ́. Ní 2018, Tomi Adeyemi, ẹni tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà fún òbí ọmọ Nàìjíríà, tẹ Children of Blood and Bone jáde, ìwé náà sì tà káàkiri àgbáyé. Salvador ní ilẹ̀ Brazil ni ó lọ fún ìwádìí tí ó ti ṣe alábàápàdé àwòrán àwọn òrìṣà, èdè Yorùbá ni àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ sì fi ń pe agbára. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó pe ilẹ̀ ìtàn náà ní Orïsha, pẹ̀lú àmì tí kò sí nínú àkọtọ́ Yorùbá. Ẹjọ́ ta ni? Ẹni tí òkun là láàrin òun àti ilé baba rẹ̀ gba Brazil kọjá kí ó tó rí òrìṣà. Àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè náà, tí wọ́n sì mọ àmì ohùn, jókòó sí etí ọ̀sà, wọ́n ń kọ nípa yìnyín.

Ọwọ́ àwọn olùkọ́ ni àtúnṣe wà. Kí wọ́n má ṣe gba "igbó" mọ́ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn sí ìbéèrè lórí ibùdó ìtàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà, ibi tí ààlà rẹ̀ wà, òfin àti èèwọ̀ tí ó wà níbẹ̀, àti ohun tí agbára ń ná ẹni tí ó bá lò ó. Kí wọ́n sì rán àwọn tí wọ́n fẹ́ kọ ìtàn jáde pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, lọ sọ́dọ̀ ọdẹ, apẹja àti ìyá arúgbó. Ilé ń gba ipò igbó ní Ìkòròdú lójoojúmọ́, àwọn tí wọ́n mọ orúkọ igi àti ẹja kò sì ní wà títí láé. Bí wọ́n bá kú kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, Igbó Irúnmalẹ̀ yóò di "igbó" lásán ní tòótọ́, ìdáhùn tí ó yẹ kí olùkọ́ fún ní òdo yóò sì wá di èyí tí ó tọ̀nà.